Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin alákòóso ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé: ẹ jẹ́ ká lé ajá kúrò lórí koríko láìlo májèlé

Ẹ̀yin àgbà wa, alága, akọ̀wé àti gbogbo ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò àdúgbò,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà.

Nínú gbogbo ẹjọ́ tí aládùúgbò máa ń gbé wá bá yín, ẹjọ́ ajá tó wọ orí koríko ẹlòmíì wà lára èyí tó máa ń tètè dìjà. Ẹni tó ni koríko ti bomi rin ín, ó ti gé e dọ́gba. Ajá tí kì í ṣe tirẹ̀ wá tọ̀ sí i, ó yàgbẹ́ sí i, ó tún ń fẹsẹ̀ walẹ̀ kiri. Inú onítọ̀hún bàjẹ́, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ibi tí nǹkan ti ń wọ́ ni ìmọ̀ràn tó máa ń jáde nínú ìpàdé: ẹnì kan á ní kí wọ́n da káńfọ̀ síbẹ̀, ẹnì kejì á ní ata gígún, ẹlòmíì á sì ní kí wọ́n fi májèlé sínú ẹran. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ ìlera ajá àti ìtọ́jú ọgbà ń fi ìwé yìí bẹ̀ yín pé kí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má ṣe ti ẹnu ẹgbẹ́ jáde. Ohun tó ń fa ajá wá ni ká kọ́kọ́ mú kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn ni ká dí ojú ọ̀nà tó ń gbà wọlé, ká tó wá ronú nípa ohun tó máa lé e. Ẹni tó lọ ra ẹ̀rọ tó ń lé ajá nígbà tí garawa ìdọ̀tí rẹ̀ ṣì wà láìdé, owó ló ń sọ nù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìtọ̀, torí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì lóye jù. Wọ́n gbà pé ásíìdì inú rẹ̀ ló ń pa koríko. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yúríà ló wà nínú ìtọ̀, ìyẹn irú náítírójìn tó wà nínú ajílẹ̀ inú àpò, pẹ̀lú iyọ̀. Bí ìwọ̀nba rẹ̀ bá kan koríko, ajílẹ̀ ló jẹ́ fún un. Bó bá pọ̀ jù lójú kan, á jó o. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ojú ibẹ̀ dáadáa: àárín á ti gbẹ, á ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ yíká á yọ òrùka ewé tútù yọ̀yọ̀ tó ga ju koríko yòókù lọ. Ibi tí òrùka yẹn wà ni ìtọ̀ ti fẹ́lẹ́, tó sì di oúnjẹ fún koríko. Bí ẹ kò bá rí òrùka, ẹ má tíì pe alájá wá jẹ́jọ́. Ẹ di koríko tó kú náà mú, kí ẹ fà á. Èyí tí ìtọ̀ pa ṣì máa ń di ilẹ̀ mú gírígírí. Èyí tí ìdin inú ilẹ̀ ti jẹ gbòǹgbò rẹ̀ á ká sókè bí ẹní. Ajá ti jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ìdin lọ́pọ̀ ìgbà, ìgbìmọ̀ tó bá sì mọ ìyàtọ̀ yìí kò ní dá ẹjọ́ èké.

Abo ajá máa ń lóṣòó tọ̀, gbogbo ìtọ̀ rẹ̀ á sì dà sójú kan. Akọ máa ń gbẹ́sẹ̀ sókè, á tọ̀ díẹ̀díẹ̀ sára òpó, igi àti ẹsẹ̀ ògiri. Ìdí nìyẹn tí àpá ìtọ̀ abo fi máa ń hàn jù láàárín koríko. Kì í ṣe pé ìtọ̀ abo burú ju ti akọ lọ. Koríko tí òǹgbẹ ń gbẹ àti èyí tí wọ́n ti da ajílẹ̀ onínáítírójìn bò ju bó ṣe yẹ ló máa ń tètè jóná, torí ó ti sún mọ́ ẹnu ààlà kí ajá tó dé.

Omi ni oògùn rẹ̀. Bí ẹ bá rí ajá tó ń tọ̀, ẹ jẹ́ kó ṣe tán, kí ẹ sì rọra da omi sójú ibẹ̀, kó kọjá etí rẹ̀ díẹ̀. Ó kéré tán, kí omi náà jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ìtọ̀ náà. Lítà 5 tó bá rọra wọlẹ̀ á tó fún ajá ńlá. Ẹ má dà á lẹ́ẹ̀kan náà gbàà, torí á kàn ṣàn gbé ìtọ̀ lọ sí ibòmíì ni. Ẹ má jẹ́ kó ju bí wákàtí 8 lọ kí omi tó débẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì, iná ti jó koríko tán. Fún ibi tí ajá ń tọ̀ sí lóru, kí onílé bomi rin ibẹ̀ ní kùtùkùtù, kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Àwọn kan máa ń bu báíkìn sódà sójú ibẹ̀ kó lè pa ásíìdì. Ásíìdì kọ́ ló fa ọ̀ràn, iyọ̀ sì ni sódà fúnra rẹ̀, ó ń fi kún ohun tó ń jó koríko ni. Àwọn mìíràn á ní kí alájá máa fi omi tòmátì tàbí hóró oògùn kan sínú oúnjẹ ajá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ́ẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà ẹranko, torí ohun tó ń yí ìtọ̀ padà lè dá òkúta sínú àpòòtọ̀ ajá.

Bí ojú ibẹ̀ bá ti kú, omi kò lè jí i. Kí onílé bomi sí i fún ọjọ́ 2 tàbí 3 kí iyọ̀ lè wọlẹ̀ lọ, kó fi réèkì họ òkú koríko kúrò, kó tú ilẹ̀ ibẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, kó po iyẹ̀pẹ̀ tuntun mọ́ ọn, lẹ́yìn náà kó gbin èso koríko tàbí kó ṣá koríko pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ láti ibòmíì wá lẹ̀ ẹ́, kó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, kí wọ́n sì fi ọ̀pá àti okùn yí ibẹ̀ ká. Koríko tó ń rákò nílẹ̀ á dí ojú ihò náà fúnra rẹ̀. Èyí tó ń hù ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀ kò ní dí i, àfi kí wọ́n gbìn ín.

Kí ló dé tí ajá fi máa ń padà síbi kan náà? Imú rẹ̀ ni. Ibi tó ti tọ̀ rí, tàbí tí ajá mìíràn ti tọ̀ rí, ìwé ló jẹ́ fún un. Á kà á, á sì kọ tirẹ̀ lé e. Nítorí náà, òpó géètì àti ẹsẹ̀ ògiri tó ń rùn nítọ̀ ló ń pe gbogbo ajá tó bá ń kọjá, bí koríko inú ọgbà tilẹ̀ mọ́. Ọṣẹ tó ní ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà tó ń tú ohun tó ń rùn nínú ìtọ̀ ká, ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, kí ó wà ní tútù níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 kí wọ́n tó ṣàn án. Kí wọ́n má lo ohun tó ní amóníà, torí òórùn rẹ̀ jọ ti ìtọ̀ lójú ajá. Bílíìṣì pẹ̀lú ìtọ̀ sì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí wọ́n bá pàdé, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára wọn ń ta àyà àti ojú ènìyàn.

Lẹ́yìn òórùn ìtọ̀, oúnjẹ ló kù. Kí ìdérí garawa ìdọ̀tí ní ohun tó ń há a pa, tàbí kí wọ́n fi okùn rọ́bà tó ń fà dè é. Kí wọ́n má sì gbé àpò ìdọ̀tí síta lálẹ́ bó bá jẹ́ òwúrọ̀ ni wọ́n ń kó o. Èso tó já sílẹ̀ lábẹ́ igi, abọ́ oúnjẹ ológbò tó sun ìta, egungun àti àjẹkù nínú òkìtì ajílẹ̀ ilé, ìpè ni gbogbo wọn. Òkìtì ajílẹ̀ tí àjẹkù bu nínú rẹ̀ léwu fún ajá gan-an, torí ohun tó ń mú oúnjẹ bu lè mú kí ara rẹ̀ máa gbọ̀n. Èyí tí àwọn olùtọ́jú ọgbà máa ń gbàgbé ni ajílẹ̀ tí wọ́n fi egungun lílọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ ṣe. Onílé á dà á sí ẹsẹ̀ òdòdó, á sì máa ṣe kàyéfì pé ajá ń walẹ̀ níbẹ̀. Ajá ń wá egungun tí imú rẹ̀ sọ fún un pé ó wà níbẹ̀ ni. Kí ó fi ajílẹ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Bí akọ ajá bá ṣàdédé pọ̀ lójú kan, tí wọ́n ń jà, tí wọ́n ń tọ̀ kiri, ẹ béèrè bóyá abo kan wà nítòsí tó ń wá akọ. Ìgbà yẹn lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Kí olówó rẹ̀ tì í mọ́lé, kó má ṣe so ó mọ́ ìta, kó sì fi okùn mú un bó bá ń jáde. Ọ̀rọ̀ yìí á yanjú ohun tí ọgbà gíga kò lè yanjú.

Ní ti káńfọ̀, inú àpótí tó dé ni wọ́n ṣe é fún. Bí wọ́n bá dà á sí gbangba, atẹ́gùn á gbé e lọ, onílé á tún dà á. Lákòókò yẹn, ajá tó bá gbé e mì á ṣàìsàn, torí ó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ọmọdé tó bá rí i nínú koríko á sì rò pé ṣúìtì ni. Ata gígún á lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ajá, yóò fi ahọ́n lá a, yóò fi ẹsẹ̀ nu ojú, ìrora gidi sì ni. Ìrì òru kan tàbí òjò kan á ṣàn án lọ, ajá á sì padà. Gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí náà, májèlé ni fún ajá bó bá jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni èèpo kòkó tí wọ́n ń tẹ́ sídìí òdòdó. Májèlé inú ẹran kò mọ ajá aládùúgbò yàtọ̀ sí ajá onílé, ológbò, ẹyẹ tó jẹ òkú ẹran, tàbí ọmọ tó fọwọ́ kàn án. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìwà ọ̀daràn ni. Bí ajá náà bá sì kú, òmíràn á gba ipò rẹ̀, torí garawa ìdọ̀tí ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọgbà tó yí ilé ká. Ọ̀nà mẹ́ta ni ajá ń gbà kọjá ọgbà: ó ń fò ó, ó ń fún ara rẹ̀ gba àárín rẹ̀, ó ń gbẹ́ abẹ́ rẹ̀. Ajá kékeré kì í sábà fo mítà 1. Èyí tó mọ níwọ̀n, mítà 1.2 á dá ọ̀pọ̀ wọn dúró. Ajá ńlá tó mọ̀ ọ́n fò ń fẹ́ mítà 1.8. Kí àlàfo àárín irin ìsàlẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́ géètì. Abẹ́ géètì ni ihò tí wọn kì í rántí. Kí àwọn irin tó gbé ọgbà dúró ní ìbú má kọjú síta, torí àkàsọ̀ ni fún ajá tó fẹ́ gùn ún.

Fún ajá tó ń gbẹ́lẹ̀, kí wọ́n ra wáyà alásẹ́ tí wọ́n jó pọ̀, tí kì í dípẹtà, ní ìbú sẹ̀ǹtímítà 60. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí méjì: sẹ̀ǹtímítà 30 á dúró, wọ́n á dè é mọ́ ẹsẹ̀ ọgbà, 30 yòókù á tẹ́ sílẹ̀ lọ sí ìta, wọ́n á fi èèkàn kàn án mọ́lẹ̀ ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 50, wọ́n á sì da iyẹ̀pẹ̀ tó nípọn sẹ̀ǹtímítà 5 bò ó. Koríko á hù gba inú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní rí i mọ́. Ìta ló gbọ́dọ̀ kọjú sí. Ẹsẹ̀ ọgbà gan-an ni ajá máa ń gbẹ́, kò mọ̀ pé kóun padà sẹ́yìn kóun tó bẹ̀rẹ̀. Wáyà ni èékánná rẹ̀ á kọ́kọ́ bá. Àwọn tó tẹ́ ẹ sí inú máa ń rí i pé ajá ti gbẹ́ ihò débi tó fẹ́ kó tó kan wáyà. Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fi ń ká adìẹ mọ́ kò tó iṣẹ́ yìí. Ajá á fi eyín ya á, ọ̀rinrin inú ilẹ̀ á sì jẹ ẹ́ tán.

Bó bá jẹ́ pé ajá kan kàn ń gé igun koríko kọjá ni, kò sí ìdí láti mọ ọgbà yí gbogbo ilé ká. Ajá fẹ́ràn ọ̀nà tó ti mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ọgbà kúkúrú sẹ̀ǹtímítà 60 ní igun yẹn nìkan tó láti yí ọ̀nà rẹ̀ padà. Igi ẹlẹ́gùn-ún náà dára, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbìn ín lónìí, ó lè pé ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dí; kí wọ́n gbìn ín ní ìlà méjì, sẹ̀ǹtímítà 50 láàárín ara wọn, kí wọ́n sì ta wáyà kúkúrú síwájú rẹ̀ títí á fi dí.

Ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi fúnra rẹ̀ bó bá ti rí ohun tó ń rìn ni a lè fọwọ́ sọ̀yà fún jù nínú gbogbo ohun tó ń lé ajá. Ojú rẹ̀ ń mọ ooru ara tó ń rìn kọjá, á sì tú omi jáde fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Kí wọ́n kàn án mọ́lẹ̀ ní ibi tí ajá á gbà rìn ní ìbú níwájú rẹ̀, torí ojú ẹ̀rọ náà kì í tètè mọ ohun tó ń bọ̀ tààrà. Kí wọ́n yí ojú rẹ̀ wálẹ̀ sí ìwọ̀n gíga ajá, kí ẹlẹ́sẹ̀ tó ń kọjá lójú títì má bàa rẹ. Kó má kọjú sí oòrùn, kó má sì sí ẹ̀ka igi tó ń mì níwájú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa fọ́n omi sí afẹ́fẹ́ lásán títí bátìrì á fi kú. Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́ ni omi tí kò lágbára nínú rọ́bà: omi kàn ń ṣàn síwájú ẹ̀rọ, ajá ń wò ó. Kí onílé rìn kọjá níwájú rẹ̀ fúnra rẹ̀ láti dán an wò. Kó sún un kúrò lójú kan ní gbogbo ọjọ́ 3 sí 4, kí ajá má bàa mọ ibi tí omi kò dé, kó sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 láìyọ ọ́. Ẹni tó bá yọ ọ́ lọ́jọ́ kẹta á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń ké ohùn tí etí ènìyàn kì í gbọ́ kò ṣeé fọkàn tán bẹ́ẹ̀. Àwọn ajá kan á sá, àwọn kan á mọ́ ọn lára, èyí tó ti dàgbà lè má gbọ́ ọ rárá, ajá onílé fúnra rẹ̀ sì ń jìyà rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ìgò omi tí wọ́n ń tò sórí koríko kò dẹ́rù ba ajá kankan.

Ìgbẹ́ ajá yàtọ̀ sí ti màlúù. Kì í ṣe ajílẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ dà á sí ẹ̀bá ẹ̀fọ́. Ẹyin aràn ló ń gbé. Ẹyin irú aràn kan kì í lè ran ènìyàn lọ́jọ́ tí ìgbẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ó ń fẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 nínú ilẹ̀ kó tó lè ranni, lẹ́yìn náà ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Òmíràn máa ń pa ọmọ nínú ilẹ̀ tó móoru tó sì ní ọ̀rinrin, ọmọ náà á sì gba awọ ẹsẹ̀ lásán wọlé. Nítorí náà, kíkó o lọ́jọ́ náà gan-an ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe kó o lọ. Ẹ ti ọwọ́ bọ inú àpò nílọ́ọ̀nù, ẹ gbá a mú, ẹ yí àpò náà padà bò ó, ẹ so ó, ẹ sọ ọ́ sí garawa ìdọ̀tí, ẹ fọ ọwọ́.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ alájá kò pọ̀. Kí okùn ajá jẹ́ mítà 1.5 sí 2. Okùn gígùn tó ń tú jáde fúnra rẹ̀ á gbé ajá dé àárín koríko ẹlòmíì kí olówó rẹ̀ tó mọ̀. Kí ó ní ibi ìtọ̀ nínú ilé tirẹ̀: ilẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó mítà 1.5 sí 2, kó gbẹ́ ẹ tó sẹ̀ǹtímítà 15, kó kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kó ri òpó kan mọ́ ọn bó bá jẹ́ akọ ni ajá rẹ̀. Kó fi okùn mú un débẹ̀ bó bá ti jí, àti láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30 lẹ́yìn oúnjẹ, kó fún un ní nǹkan aládùn lójú ẹsẹ̀ tó bá ti ṣe tán, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá wọlé. Ajá tó bá rí ẹ̀bùn gbà nínú ilé mọ̀ pé wíwọlé ni wọ́n san án fún. Títẹ akọ lọ́dàá àti iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kí abo lóyún mọ́ ń dín rìnrìn kiri kù, bí kò tilẹ̀ mú un tán nínú gbogbo ajá.

Ajá tí kò ní olówó yàtọ̀. Ẹ má lé e, ẹ má há a mọ́ igun. Àrùn dìgbòlugi ló wà nídìí ìkìlọ̀ yìí: ọ̀dọ̀ ajá ni nǹkan bí ìdá 99 nínú 100 àrùn náà tó ń mú ènìyàn ti ń wá. Ẹni tí ajá bá gé jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, bó ti wù kí ọgbẹ́ kéré tó. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí ẹni tó ń yè é. Pípa ajá kò dá àrùn yìí dúró, torí ajá mìíràn á wọlé, èyí tó ti gba abẹ́rẹ́ á sì ti bá wọn lọ. Fífún ìdá 70 nínú 100 ajá ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń dá a dúró. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni Ọjọ́ Dìgbòlugi Àgbáyé. Ẹ lè pe dókítà ẹranko wá sí àdúgbò lọ́jọ́ náà.

Bí ẹjọ́ bá wá dé iwájú yín, ẹ ní kí olùfisùn mú fọ́tò ajá náà wá, ọjọ́ àti àkókò, àti ibi tó gbà wọlé. Kí ó kọ́kọ́ lọ bá alájá fúnra rẹ̀, ní pẹ̀lẹ́, láìsí èrò lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ alájá kò mọ̀ pé ajá wọn ń jáde lóru. Ẹ fún alájá ní ọ̀sẹ̀ 2 láti tún géètì rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ìwé ẹgbẹ́ tó jáde, kí ohun tó yẹ kó ṣe àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó ṣe ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ káńfọ̀, ata àti májèlé kúrò nínú ìkéde yín, bó bá ti wọ ibẹ̀, kí ẹ sì fi omi lítà 5, ìdérí garawa ìdọ̀tí àti abẹ́ géètì rọ́pò wọn.

Àwa tiyín ní tòótọ́,
Àwa olùtọ́jú ajá àti ọgbà